Oko Ayọ̀níkẹ́ Ló Kàn

Àbúrò mi ni Ayọ̀níkẹ́. Òun ló kàwé nínú wa. Èmi fi girama sílẹ̀ láì parí, mo bá bàbá wa lọ sóko. Bàbá kú lásìkò iṣu tuntun. Láti ìgbà náà, ọ̀kadà ni mò ń gùn. N kì í lè jókòó sójú kan mọ́.

Ayọ̀níkẹ́ ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìṣirò, ní Ìgèdè, kí wọ́n lè wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Láràárọ̀, èmi ni mò ń gbé e láti ilé wa ní Òkè-Ìlá. A ó kọjá ẹnu ọ̀nà oko Bàbá. N kì í wo ibẹ̀.

Láti kékeré ni ìṣirò ti ń bà á lẹ́rù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìyáàfin Oyèbámijí, wá wò ó, ojú pátákó ló kọ sí, ẹ̀yìn ló kọ sí àwọn ọmọ. Ó ṣi ìṣirò kan, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ló bá sá jáde. Ìyáàfin ní àwọn á padà wá lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá yege lọ́jọ́ náà, á tún ọdún yẹn kà.

"Bọ̀dá, mi ò ní tún un kà o," ló wí lórí ọ̀kadà. "Màá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀."

"Ìwọ tí o ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?"

Ó gbá mi lẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí wọ́n máa pín àwọn ọmọ sí gúrúpù. Ó pín wọn, kò yọrí sí nǹkan kan. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n á ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn tó kù á máa fi bírò gún ara wọn. Mo rí wọn láti ojú fèrèsé. Abẹ́ igi máńgòrò ni mò ń dúró sí. Màá tan ọ̀kadà, màá pa á, màá tún tàn án.

Lọ́jọ́ kan tí à ń bọ̀ nílé, ó bi mí, "Bọ̀dá, tí àwọn Bàbá bá ń ṣe àáró, ta ló ń jókòó?"

Oko Bàbá lónìí, oko Akínọlá lọ́la, gbogbo wọn á jọ ro ó. Àáró nìyẹn.

"Kò sẹ́ni tó ń jókòó," mo ní. "Ẹni tó ni oko ló ń ṣíwájú."

"Tí koríko bá wá kún oko ẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló ń jẹ́ àáró tí kò bá kún?"

"Uṣẹ́ ni uṣẹ́ ẹ jẹ́," ló wí, bí Bàbá ṣe máa ń wí i gan-an, pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Mo sá eré lórí ọ̀kadà títí a fi délé.

Láti ọjọ́ kejì, kò pè é ní gúrúpù mọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tiẹ̀, oko ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ni oko ló máa mú ṣọ́ọ̀kì, á ya oko náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn yòókù á bá a pín in. Ariwo pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi bírò gún ẹnì kankan.

Ọjọ́ tí Ìyáàfin padà dé, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Ayọ̀níkẹ́ kọ ọ́ sójú pátákó: iṣu gba ìdajì oko, gbágùúdá gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Mélòó ni wọ́n jọ gbà? Ó kọ ìdáhùn sí i: ìdá méjì nínú márùn-ún.

Mosúnmọ́lá nawọ́. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. "Àǹtí, iṣu nìkan ti gba ìdajì. Ìyẹn ò tiẹ̀ tó ìdajì. Ṣé gbágùúdá ń jẹ ilẹ̀ padà ni?"

Kíláàsì dà rú fún ẹ̀rín. Mo tan ọ̀kadà. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ó wo pátákó. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wá kọjú sí wọn.

"Koríko ti kún oko mi," ló wí. "Oko mi ló kàn lónìí. Ẹ bá mi ro ó."

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú o, Àǹtí," ọmọ kan wí.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya oko sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n yí i ká. Wọ́n pín in sí mẹ́fà. Iṣu gba mẹ́ta, gbágùúdá gba méjì. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Wọ́n ní kí wọ́n gbin àgbàdo sí apá tó kù.

Ìyáàfin dìde. Wọ́n bi Tìmílẹ́yìn, ọ̀gá àwọn tó ń gún ènìyàn ní bírò: "Kí ló dé tí ẹ ò pín in sí márùn-ún?"

"Tí a bá fẹ́ mú ìdajì, mà, a ó la apá kan sí méjì. Mẹ́fà ṣe é pín sí méjì, ó ṣe é pín sí mẹ́ta."

Mo pa ọ̀kadà.

Níta, Ìyáàfin bi Ayọ̀níkẹ́, "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni?"

"Rárá, mà. Mo ṣì í ni."

"O ò sì sá."

"Oko mi ni, mà."

"O yege. Lọ fọ orúnkún ẹ."

Ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi bí a ṣe ń bọ̀, kò sinmi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà oko Bàbá, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Bọ̀dá, oko ta ló kàn?"

Mo dá ọ̀kadà dúró. Koríko ti ga dé ìbàdí. Mo ní kò sí ọkọ́ lọ́wọ́ wa. Ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó ní ká fọwọ́ tu ti ẹnu ọ̀nà ná.

Ó ní kí n ṣíwájú.