Ìwọ̀n Ẹni Tí Mò Ń Gbé Sẹ́yìn

Ọdún mẹ́rin ló yẹ kí n fi ka físíìsì ní yunifásítì. Ìyanṣẹ́lódì sọ ọ́ di mẹ́fà. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lónìí ni iṣẹ́ tíṣà ní Ẹ̀jìgbò, máṣíìnì kan tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, àti ìgbéraga tí kò wúlò fún ohunkóhun. Ìgbéraga yẹn ló jẹ́ kí n bá mẹkáníìkì jiyàn nípa ìyá mi.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé, ṣùgbọ́n oko ẹ̀gẹ́ wọn wà lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń fi máṣíìnì gbé wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: "Ọjọ́ tí mi ò bá lè dé oko mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀." Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Ẹ̀yìn máṣíìnì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn sípírìngì tó yẹ kó máa gba ihò ọ̀nà mọ́ra fún ẹni tó jókòó, ti kú. Epo ń jò lára wọn. Bí mo bá dá gùn ún, ó ṣeé fara dà. Bí ìyá mi bá ti wà lẹ́yìn, gbogbo ihò tí a bá já sí, ìdí máṣíìnì á lu táyà, gbàgà, ìyá mi á sì pe Ọlọ́hun. Ihò ò sì wọ́n lọ́nà yẹn. Pátákó ńlá kan wà lẹ́bàá rẹ̀ tó ń kéde pé wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe. Pátákó yẹn nìkan ni kò ní ihò. Nígbà tó yá, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá mi. Sátidé kan, wọ́n ní àwọn ò lọ sóko. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbé máṣíìnì lọ bá mẹkáníìkì kan lọ́nà Màsífà. Àlàájì ni gbogbo èèyàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abijan ni ìrìn àjò rẹ̀ pin sí. Oyè kì í wọ́n ládùúgbò wa. Ẹni tó bá ti tú nọ́ọ̀tì méjì ti di injiníà; ẹni tó bá sì kàwé bíi tèmi ti di ẹni tí kò ṣeé bá sọ̀rọ̀.

"Ta lò ń gbé sẹ́yìn?" ló kọ́kọ́ béèrè.

"Ìyá mi ni, Àlàájì."

"Mú wọn wá kí wọ́n jókòó lé e. Mi kì í de sípírìngì fún ẹni tí mi ò rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sídìí láti máa yọ àgbàlagbà lẹ́nu, mo mọ ìwọ̀n ìyá mi. Ó wà nínú káàdì ilé ìwòsàn wọn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo ka iye kílò náà fún un bí ẹni ń ka èsì ìdánwò.

"Tíṣà, ṣé káàdì ló fẹ́ gùn ún ni?"

Ṣùgbọ́n oníbàárà ni mí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i. Àtẹ̀gùn kéékèèké márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ sípírìngì náà. Bí a bá ṣe ń gbé e gòkè ló ń le sí i. Nítorí iye kílò tí mo kà fún un, ó fi irin pẹlẹbẹ kan àti òòlù gbá a dé ìkarùn-ún. "Sẹ bọ́n," ló wí. Èdè tó mú ti Abijan bọ̀ nìyẹn, ó túmọ̀ sí pé ó ti dáa, ó sì máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò bá gbà pẹ̀lú èèyàn.

Ní Sátidé, ìyá mi gòkè. Gbàgà ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò kọ̀ọ̀kan ń jù wọ́n sókè kúrò lórí ìjókòó. A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi gbá mi léjìká.

"Tíṣà, dúró! Ṣé ẹṣin lo gbé wá ni?"

Ẹsẹ̀ la fi padà sílé. Mò ń ti máṣíìnì, wọ́n ń di ìbàdí mú.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àlàájì jà. Mo ní ayédèrú ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Mú wọn wá." Mo padà sílé, mo rọra gbé wọn wá.

Mo di ọwọ́ máṣíìnì mú, ìyá mi gorí ìjókòó ẹ̀yìn, Àlàájì lóṣòó, ó ń wo sípírìngì.

"Ẹ jókòó dáadáa, ìyá."

"Mo ti jókòó."

"Ẹ sọ ara yín sílẹ̀."

"Ara wo ló kù tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀?"

Sípírìngì náà ò mì. Àlàájì wò mí, kò dárúkọ káàdì. Ó gbá a wálẹ̀ sí ìkẹrin, ó gbá a sí ìkẹta. Ìyá mi ń sọ̀, wọ́n ń gòkè. Ìkejì náà ò mì. Ìgbà tó dé ìkíní ló tó tẹ̀ díẹ̀.

"Ibi tí ẹni tó ń dá gùn ún máa ń lò rèé," ó rọra sọ fún mi. "Máṣíìnì ò mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn ẹ."

"Èyí tó ń dún gbàgà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kú, Tíṣà. Bí adìẹ bá gùn ún, á dún."

Mo wo ìyá mi. Àràárọ̀ ni mò ń kí wọn, alaalẹ́ ni mò ń gbé oúnjẹ wọn síwájú wọn. Ọrùn bùbá wọn ti ṣubú sí èjìká kan. Mi ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Mo dúró kí nǹkan ṣe mí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì bí ẹni tó ra búrẹ́dì.

Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ti rù?"

"Ṣé o rò pé máṣíìnì nìkan ló mọ̀ ni? Ta ló ń ró ìró mi?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

"Òní Sọ́ńdè, ta la fẹ́ bá níbẹ̀? Ó di ọ̀la. Oko là ń lọ báyìí."

"Ọ̀la dájú?"

"Mo ti ní ọ̀la. Ìwọ lo kàwé, o mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀la."

Mo yà sọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kò sí gbàgà, kò sì sí ìjùsókè. Ìyá mi ń ṣàdúrà fún Àlàájì lẹ́yìn mi. Mò ń ṣe àmín.

Nígbà tí a dé oko, ìyá mi fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀, wọn ò dì mí mú. Mo yíjú wo ẹ̀yìn máṣíìnì, bóyá á gbéra sókè. Ó gbéra. Kò ju ìbú ìka kan lọ. Ìyá mi ti wọ àárín ebè, wọ́n ní kí n mú àdá wá. Mo tú u lára máṣíìnì, mo sì tẹ̀ lé wọn.