Ariwo Àárọ̀ Ọkọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá sọ fún Kílófàá pé òṣùpá ń já bọ̀, kò ní sá. Yóò kọ́kọ́ bi yín pé kí ló ti so ó mọ́ òkè láti ọjọ́ yìí wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Agbẹ̀bí tó gbé e jáde kò yéé sọ ọ́ títí di òní pé gbogbo ọmọ ló ń ké bí wọ́n bá délé ayé, ṣùgbọ́n èyí kò ké. Ńṣe ló tẹjú mọ́ gílóòbù iná lókè bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí wáyà gbà wọlé. Ní ọmọ ọdún méje, ó tú aago bàbá rẹ̀ palẹ̀. Ó tò ó padà, aago sì ń rìn, àfi pé irin mẹ́ta ṣẹ́ kù nílẹ̀, aago ọ̀hún sì ń sáré ju aago gbogbo ayé lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ mọ́ nílé wọn.

Obìnrin náà ti lé lógójì ọdún báyìí, kò sì sẹ́ni tó rántí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fítà ló ń tà. Fítà yìí, asẹ́ ni, ó rí bí agolo kékeré. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà kọjá kí ìdọ̀tí má baà wọ ẹ́ńjìnnì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ, ọ́ìlì alágolo sì tò kan àjà. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ayùn irin tó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Fítà àlòkù tí ẹlòmíràn ń jù sí ààtàn, òun a fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì, a sá bébà inú rẹ̀ sóòrùn, a wá máa wò ó bí ẹni ń ka lẹ́tà. Wọ́n ní bó bá wo bébà náà, ó lè sọ bí o ṣe ń wakọ̀, ibi tí o ń wà á lọ, àti ẹni tó jókòó tì ọ́. Baálé ilé kan wà tí kì í jẹ́ kí fítà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nítorí èyí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Màmá Nọ́ọ̀sì wọlé, agbẹ̀bí ọjọ́sí náà gan-an. Ọdún méjìlélógójì ló fi gbẹ̀bí. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì ló ra ọkọ̀ eré pupa kan, onílẹ̀kùn méjì, tó lọ sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè bojú wo òrùlé rẹ̀. Bí Màmá bá tẹ̀ ẹ́ lójú títì, òjìji ọkọ̀ á kù sẹ́yìn, á máa sáré tẹ̀ lé e.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ mi tún ké láàárọ̀ yìí."

"Báwo ló ṣe ké, Màmá?"

"Bí ìgbà téèyàn da ṣíbí sínú agolo tó ń mì ín. Mo ka oókan dé ẹẹ́jọ kó tó dákẹ́." Ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Àkọ́bí mi ní ẹ́ńjìnnì ti kú tán. Ó ń mú ẹni tó máa rà á bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti fún un lọ́rọ̀ mi pé bó bá ké lójú wọn, kí wọ́n máa wà á lọ. Ọmọ tí mo gbé jáde lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn nìkan ni nǹkan tí mo tíì rà fún ara mi."

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Irin wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òun ló ń tọ́jú ọkọ̀ náà. "Màmá, ẹ jẹ́ ká tún fi ọ́ìlì tó ki ju èyí lọ sí i. Ọ́ìlì tó ki ni aṣọ òtútù ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti wọ̀ ọ́ láṣọ, Ẹ̀gbọ́n," ni Kílófàá wí. "Ṣé ariwo náà dín kù?"

Màmá ló dáhùn. "Kí ló ń jẹ́ dídínkù? Ẹẹ́rin ni mo ń kà dé nígbà tí ọ́ìlì tó ṣàn, èyí tí ìwé ọkọ̀ ní ká lò, ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹẹ́jọ ni báyìí."

Kílófàá sún mọ́ ọn. "Bí ẹ bá wà á jáde, tí ẹ sì gbé e kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó tún ṣíná sí i ńkọ́?"

"Kì í ké. Àfi bó bá sùn mọ́jú."

"Kí ló wá ń ṣe lóru?"

"Ẹ gbọ́ ìbéèrè!" Ọwọ́-Irin bú sẹ́rìn-ín. "Bóyá ó ń lálàá ni."

Kílófàá ti jáde. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, ó ki orí bọ̀ ọ́. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó mọ̀, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni fítà ń gbé, ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè. Èyí, orí ẹ́ńjìnnì ló jókòó sí, ó dojú dé bí ife tí wọ́n fọ̀ tán. Ó yọ ọ́, ó gbé e wọlé, ó mú ayùn.

Àárín ìgbà tó ń rẹ́ ẹ ló rí àmì kan lára rẹ̀, tí wọ́n fi kálámù pupa kọ. Àmì ṣọ́ọ̀bù òun fúnra rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rántí ọjọ́ tó tà á. Ọwọ́-Irin ní, "Ṣé ó máa wọ̀ ọ́?" Òun sì ní, "Wẹ́kú ni." Kò sí ìbéèrè kejì. Òun, tí ń bi òṣùpá léèrè!

Ó rẹ́ ẹ tán. Ó tún mú fítà tuntun tí nọ́ḿbà rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀, ó rẹ́ òun náà. Nínú èyí, rọ́bà dúdú kan tó fẹ́lẹ́ bí etí ológbò bo àwọn ihò kéékèèké ẹnu rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan.

Ojú nìkan kò tó o. Ó mú irú fítà méjèèjì tí kò tíì rẹ́, ó fi àkísà dí ihò àárín wọn, ó rọ ọ́ìlì sínú wọn láti ihò kéékèèké, ó wá dojú wọn dé lórí abọ́. Àkọ́kọ́ sun gbogbo ohun tó mu jáde. Ìkejì kán ẹ̀ẹ̀mejì, ó panu mọ́.

"Ẹ wò ó!" ni Kílófàá ké. "Gbogbo òru ni ọ́ìlì fi ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí kò sí rọ́bà tó dá a dúró. Bó bá di àárọ̀, òkè ẹ́ńjìnnì á gbẹ, irin á máa na irin títí ọ́ìlì á fi gòkè padà. Èyí tó ki sì rèé, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn ló ń gòkè!"

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ gbàgbé. Ó wá rántí, ó sì kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo ta fítà yẹn. Ẹnu rẹ̀ ni mo bá yín wò, mi ò wo inú rẹ̀."

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló jẹ̀bi," ni Ọwọ́-Irin sọ wéré.

"Kì í ṣe ọkọ̀ yìí ni wọ́n ṣe é fún, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo mú un fún un."

Màmá nawọ́ sí fítà kejì. "Tuntun yẹn, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Kò tíì dá mi lójú, Màmá. Àfi bó bá sùn mọ́jú."

Wọ́n da ọ́ìlì tó ki nù, wọ́n rọ èyí tó ṣàn sí i, Kílófàá sì fọwọ́ ara rẹ̀ de fítà mìíràn tó ní rọ́bà.

Nígbà tí àkọ́bí Màmá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀, Kílófàá àti Ọwọ́-Irin ti dúró sínú ọgbà Màmá bí ẹni ń retí èsì ìdánwò. Oníbàárà náà, ọ̀gbẹ́ni onírùngbọ̀n kan, gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Màmá jókòó sídìí ọkọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì náà mí kanlẹ̀, ó sì ń kùn jẹ́ẹ́. Oókan. Eéjì. Kílófàá kò mí. Ẹẹ́rin. Ẹẹ́jọ. Ọwọ́-Irin ń kà á lọ dé ogún, nítorí kò gbà á gbọ́.

Onírùngbọ̀n gbé orí sókè. "Ẹ́ńjìnnì wo lẹ ní ó kú? Mo gbà á bó ṣe wà yìí!"

"Màmá, ẹ gbọ́ nǹkan tó wí?" ni àkọ́bí sọ. Ó ti yọ ìwé àti bírò.

"Mo ní bó bá ké. Ṣé ó ké?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká…"

"Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé ó ké?"

Ó wolẹ̀. "Kò ké, Màmá."

Màmá fi jíà sí i. Kí eruku tó gbéra nílẹ̀, ọkọ̀ pupa náà ti jáde lẹ́nu géètì, ó ń kù rìrì dé ìkóríta. Àkọ́bí sáré tẹ̀ lé e dé àárín títì, ó dúró síbẹ̀ tòun ti bírò.

"Ọ̀gá mi, ẹ kúrò lójú ọ̀nà," ni Ọwọ́-Irin pè é láti inú ọgbà. "Ó máa tó ṣẹ́rí padà, kò sì dà bí ẹni tó fẹ́ tẹ bíréèkì lónìí."