Ọkọ̀ Kún fún Àmù, Omi Kò Sí

Kí n tó di ìyàwó ọkọ mi ni mo ti ní orogún. Orogún náà kì í ṣe ènìyàn. Bọ̀lẹ̀kájà ni, ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tó ti gbó kí ọkọ mi tó rà á. Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́, Ọ̀yẹ́ sí Ìdó, Ìdó sí Ọ̀tùn, iṣu àti èèyàn ló ń kó. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà, ọ̀nà wa kò sì tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀dà. Bí òjò bá ń rọ̀, jẹ́jẹ́ ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé tí oòrùn mú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á gbóná, omi inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

N kò ní purọ́, mo jowú ọkọ̀ yẹn. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n tọ́jú ju bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe ń tọ́jú ìyàwó lọ. Ìdájí ló máa ń gbéra kí ilẹ̀ tó gbóná. Kò sí odò tó pàdé lọ́nà tí kì í dúró sí. Garawa omi kan wà tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, garawa yẹn kì í gbẹ. Ó ká bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó fi okùn dè é kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, á fọwọ́ pa á lára, á ní, "Rọra, ìyá mi, rọra." Òun fúnra rẹ̀ lè ti Ìkọ̀lé dé Ọ̀tùn láìfi omi kan ẹnu, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mu. Èmi wá ń rò ó pé, bó bá lè ṣe báyìí fún irin lásán, kí ni kò ní ṣe fún mi? Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ẹwà kọ́, torí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà.

Ìyá mi ni kò gbà. Amọ̀kòkò ni, ní Ìsàn níbi tí wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti sọ pé bí ìyá mi bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá mi kì í pariwo. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá dùn mọ́ ọn, á kàn yíjú sí amọ̀ tó ń pò, á máa pò ó lọ, títí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ á fi dìde. Ohun tó ń bí i nínú sí dẹ́rẹ́bà mi ni ọ̀ràn ọ̀wẹ̀. Ní ìlú wa, ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ ẹni ṣaya gbọ́dọ̀ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ fún àna. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá, wọ́n wa amọ̀, wọ́n sì ṣẹ́ igi ìdáná jọ gegere sẹ́yìn ilé wa.

"Kí ni tìrẹ a kó wá bá mi?" ìyá mi bi mí. "Ọkùnrin tí kì í gbé ulé, tí kì í ṣe uṣẹ́ oko. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a kó wá wa amọ̀?"

Mo sọ ọ́ fún dẹ́rẹ́bà mi bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ń họ orí. Nígbà tó tún wá, ó ní ọkọ̀ òun ni yóò ṣe ọ̀wẹ̀. Gbogbo àmù tí ìyá mi ti sun sílẹ̀ ni òun yóò kó lọ sí ọjà Ọ̀tùn, láìgba nǹkan kan. Àwọn ará Ẹ̀dá-Oníyọ̀ àti Ààyè a máa wá ra àmù níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí kò sóhun tó ń mú omi tutù bí àmù Ìsàn. Orí ni ìyá mi sì ti ń ru wọ́n lọ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Kí ó wá. Mo fẹ́ fojú mi rí ọkọ̀ náà." Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ ló fẹ́ rí.

Lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí n má dá bọ̀lẹ̀kájà mọ̀. Dẹ́rẹ́bà mi ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ó ti tú okùn bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ní kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ sinmi nílé. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, garawa kò sí níbẹ̀.

"Garawa dà?" mo bi í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé kí Yèyé wá rí garawa omi, kí wọ́n máa rò pé aláìsàn ni mo fẹ́ fi gbé wọn?"

Mo fẹ́ ní kó padà lọ mú un wá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń bọ̀, n kò lè bá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi jà lójú ẹni tí kò fẹ́ kó fẹ́ mi.

Ìyá mi kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ìkòkò rẹ̀. Òun ló fi koríko gbígbẹ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún tú òmíràn, ó tún un wé. Kí a tó gbéra, oòrùn ti ga. Iwájú ni ìyá mi jókòó sí, ẹ̀yìn ni èmi wà láàárín àwọn àmù, mo nawọ́ mú wọn lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń bá ọmọ wẹ́wẹ́ rìn.

A dé odò àkọ́kọ́. Kò dúró. A dé èkejì, ó tún kọjá. Mo fọwọ́ gbá pákó ẹ̀yìn rẹ̀ gbàgà, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ yìí bá dúró lójú ọ̀nà níṣojú ìyá mi, ìgbéyàwó mi dúró nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, èmi tí mo máa ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àárín òkè ni ọkọ̀ ti dá dúró. Èéfín funfun tú jáde níwájú, ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ dákẹ́. Mo fò sílẹ̀. Ọkùnrin náà ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ń hó, omi gbígbóná ni yóò fi bọ́jú. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, ó wá wo ibi tí omi ti ń hó.

"Kí lọ ń sè níbẹ̀?" ó bi í.

Kò sí irọ́ tí kò lè pa. Ó lè sọ pé ẹrù ló wúwo, ó lè sọ pé ọ̀nà ni kò dára. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Yèyé. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Gbogbo odò tí a kọjá ni mo máa ń dúró sí. Mo tilẹ̀ ní garawa, mo fi sílé. N kò fẹ́ kí ẹ rí i pé ó ti gbó, kí ẹ má ba à ní n kò lè gbé ọmọ yín dé ibì kankan."

Ìyá mi wò ó. Ó wo ọkọ̀. "Nítorí èmi lọ ṣe fi òùngbẹ pa á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

Ni ìyá mi bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. "Ọkọ̀ tó kún fún àmù!" ó wí. "Omi kò wá sí!"

Odò wà nísàlẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n kí ni a ó fi pọn ọ́n? Àmù nìkan ni a ní, kò sì sóhun tí ìyá mi kórìíra tó kí omi kan àmù tí kò tíì tà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á a máa ti imú bọ ẹnu rẹ̀. Bí kò bá gbóòórùn èéfín iná tí a fi sun ún, á ní àlòkù ni, á sì kọjá lọ. Torí náà, èmi àti ọkùnrin náà kò jẹ́ nawọ́ sí àmù. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo rò pé kékeré kan ni yóò mú. Àmù ńlá tó dára jù lọ nínú gbogbo wọn ló gbé jáde, ó já koríko ara rẹ̀ dànù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Tètè bọ̀," ó wí.

Nígbà tí mo ru omi gòkè padà, n kò gba ojú mi gbọ́. Ọkùnrin náà ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìyá mi dúró lódìkejì, ó ti ṣí gèlè lórí, òun náà ń fẹ́ ẹ, ó sì ń kọ́ ọ pé kó má fẹ́ ẹ wàràwàrà. Wọn kò rí mi. Mo dúró mo ń wò wọ́n, àmù wà lórí mi, inú mi ń dùn, ọrùn mi ń ro mí.

A dúró títí irin fi tutù. Ó bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ta ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn. Mo kó koríko jọ, mo fẹ́ wé àmù náà padà kí n tó gbé e sáàárín àwọn yòókù.

"Kí lọ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ìyá mi bi mí.

"Mo fẹ́ fi í kún ẹrù ọjà ni."

"Èyí tó ti pọnmi? Ta ni a rà á?" Ó gba koríko lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ nù. "Gbé e dání. Ulé ọkọ rẹ ni ó ń lọ."

Ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ìyá mi ní kó dìde, ọjà ń tú lọ. Mo gbé àmù náà lé itan títí a fi dé Ọ̀tùn. Omi tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ ń dà sí mi ní ìró, mo jẹ́ kó máa dà.