Ogójì Ìṣẹ́jú fún Dúdúyẹmí

Orogún ni mo ń pè é, mi ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn. Dúdúyẹmí ni, abo ẹṣin dúdú tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin. Ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹṣin, kò sì wá iṣẹ́ mìíràn rí. Bó bá ti ń wọlé báyìí, òórùn koríko gbígbẹ ló ń kọ́kọ́ kí mi.

Ọjọ́ tí iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú Dúdúyẹmí já díẹ̀, ọkọ mi ò jẹun. Dókítà ẹran ní kí wọ́n máa da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìsinmi, kí wọ́n wá máa mú un rìn: ìṣẹ́jú márùn-ún lóòjọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ogójì. Ọkọ mi ò fi ìṣẹ́jú kan ṣeré. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà bóyá ó gbóná, á máa wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Rọra, ọ̀wọ́n mi." Ìyá mi, ẹ gbọ́! Èmi tí mo bímọ mẹ́ta fún un, "Oúnjẹ dà?" ni mò ń gbọ́.

Mo jowú débi pé oorun ò kùn mí mọ́. Ṣé ẹ rí i, lọ́dún tó ṣáájú, èmi náà ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wa, ọrùn ẹsẹ̀ mi wú. Aránṣọ ni mí, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi ń tẹ máṣíìnì. Ọkọ mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Á lọ sílẹ̀." Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ìrora rẹ̀ ni kò lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Nígbà tí dókítà wá ní tí ẹṣin náà bá ti lè rin ogójì ìṣẹ́jú láìtiro, kí wọ́n dì í ní gàárì lọ́jọ́ kejì, èmi ni inú mi dùn jù. Orogún mi á padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ mi á padà sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán ogójì náà wò, mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ wò ó. Ó fi aago lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó sẹ́nu géètì, kí n máa ṣọ́ àsìkò.

Dókítà dúró láàárín pápá, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ọkọ mi di okùn mú lápá òsì ẹṣin, bó ṣe máa ń ṣe, wọ́n ń yí pápá po. Dókítà ń mi orí pé ó dára. Èmi nìkan ni mo wà nítòsí ibi tí ọ̀nà ti yà sí ọ̀tún lórí òkúta. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀, Dúdúyẹmí á gbé orí sókè díẹ̀, á sì yára gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀. Kò tiro. Ó ń fi ìrora pamọ́ ni. Mo mọ ìrìn yẹn. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nìyẹn tí oníbàárà bá ń wò mí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbé ọmọ kan gùn ún lọ́la, iṣan náà á já pátápátá, wọ́n á tà á, ọkọ mi á sì di tèmi nìkan. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó dáadáa, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ ẹṣin náà tún yí dé, ó tún yára gbé ẹsẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ tèmi náà sì ta mí bíi pé òun ló tẹ òkúta.

Mo kígbe, "Ẹ dúró! Ó ń dùn ún. Dókítà, ẹ wá wò ó níbí."

Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ iṣan náà. "Òótọ́ ni. Ẹ dá a padà sí ogún ìṣẹ́jú. Ó tún di oṣù kan."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìwọ tí o ò mọ nǹkan kan nípa ẹṣin, báwo lo ṣe mọ̀?"

"Bí èmi náà ṣe ń rìn nìyẹn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti èṣí."

Ọkọ mi kúnlẹ̀ lórí òkúta lójú dókítà, ó bọ́ bàtà mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ mi. "Ó gbóná," ló wí. Omijé bọ́ lójú mi, inú sì bí mi pé ó bọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé garawa omi tútù síwájú àga mi, ó ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́, ó sì ń wo aago. "Pẹ̀lẹ́, ìyá mi," ló wí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti tutù dé orúnkún, koríko gbígbẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ orogún mi ló ti kọ́kọ́ lọ.