Ife Tíì Kejì

Tíì ife méjì ni ọ̀gá mi máa ń pò láràárọ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa n'Ígbó-Ọrà. Á mu ọ̀kan, èkejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títí á fi tutù. Ìbejì ni. Èkejì rẹ̀ ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n.

Kọ̀ǹpútà méjì la ní. Ó ń pe èyí tó kọ́kọ́ dé ní Táyé, ó ń pe tuntun ní Kẹ́hìndé. Ohun tó bá ṣe fún ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Nígbà tó yá, àrá ba Kẹ́hìndé jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Lẹ́yìn náà ló ṣe kánẹ̀lì tuntun fún Táyé, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ètò yòókù nínú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ bí Táyé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó báyìí, á kú, á tún tan ara rẹ̀ padà. Ọ̀gá yọ mẹ́mọ́rì, ó nù ún, ó dá a padà. Pàbó ni.

"Kí ló ń dùn ọ́?" Bó ṣe ń bi í nìyẹn, bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn.

Mo bá wo ibi tó ti yan irú ọpọlọ ẹ̀rọ tí kánẹ̀lì náà wà fún, torí ti Táyé àti ti Kẹ́hìndé kò bára mu.

"Ọ̀gá, ti Kẹ́hìndé lẹ yàn."

Ó yí i sí ti Táyé, ó ṣe kánẹ̀lì náà lọ́tun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Táyé lò ó, kò sì kú mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni mo wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ife kan ṣoṣo ló pò. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló gbé e sí; òun fúnra rẹ̀ kò mu tíì.