Ọkọ̀ Pọ̀ Lọ́jà Ayébòdé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní ìparí oṣù kẹwàá, lọ́dún tí mo gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni yunifásítì ní kí n wá sí Ọyẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ayébòdé ni mo ń gbé nígbà náà. A ti jọ sọ ọ́ pé bí iṣẹ́ náà kò bá bọ́ sí i, n ó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, yóò sì ku ìyá mi nìkan nínú ilé àti nínú oko.

Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ ọjà, inú mi sì dùn sí i. Ní ọjọ́ lásán, takisí lè má kúrò nílùú wa títí oòrùn yóò fi mú. Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ a kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà yìí gan-an ni mo fi kọ àpilẹ̀kọ oyè mi: bí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti gàrí ṣe ń fa àwọn oníṣòwò wá láti Ìkọ̀lé àti àwọn ìlú tó yí wa ká. Mo ya àwòrán ilẹ̀ kan, tí àwọn ọfà pupa láti gbogbo ojú ọ̀nà dorí kọ àárín ọjà. Ìyá mi fẹ́ bá mi bẹ ọlọ́kadà kan sílẹ̀ láti alẹ́, mo ní kó má ṣe wàhálà.

“Ṣó dá ọ lójú?”

“Màmá, ọjọ́ ọjà mà ni.”

Nígbà tí mo dé ọjà láàárọ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì, ọkọ̀ pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ńṣe ni awakọ̀ kọ̀ọ̀kan kó àwọn aláròóbọ̀ wá, ó sì ní láti dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi rajà tán. Àwọn kan ti na ìjókòó sẹ́yìn, wọ́n ń hanrun. Àwọn ọlọ́kadà ti wọ oko lọ kó iṣu. Gbogbo ọfà tí mo yà, wíwọlé ni wọ́n ń wọlé. N kò ya ẹyọ kan tó ń jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Ìkọ̀lé ni mò ń lọ.”

“Èmi náà ń lọ síbẹ̀,” ni awakọ̀ kan dáhùn láì lajú. “Tó bá dọ̀sán.”

Ìyá aláròóbọ̀ kan wà tó ti ná iṣu tirẹ̀ sílẹ̀ lóko lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kún. Ó wo táì mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọkọ ìyàwó, ìyàwó dà?”

“Uṣẹ́ ni mò ń wá lọ, Màmá.”

“Háà! Uṣẹ́ niyàwó! Ó yá, wọlé. Ṣùgbọ́n itan rẹ ni àkùkọ mi yìí yóò jókòó sí o.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé àkùkọ dé Ìkọ̀lé, kí n tó wọ takisí mìíràn lọ sí Ọyẹ́. Wọ́n ti pe orúkọ mi kọjá. Eruku pupa bo kóòtù mi, ìyẹ́ adìyẹ sì lẹ̀ mọ́ táì. Alága ìgbìmọ̀, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti òkè Ọya, béèrè ohun tó dá ẹni tó ń bọ̀ láti ìtòsí dúró.

“Ọkọ̀ ló pọ̀ jù, sà,” ni mo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Alága na ṣọ́ọ̀kì sí mi, ó ní kí n yà á sójú pátákó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ya ọkọ̀ tó ń wọlé láàárọ̀, èyí tó ń sùn lábẹ́ igi, àti èyí tí iṣu ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ti ń padà lọ́sàn-án.

Wọ́n gbà mí. Mo ṣì ń kọ́ni níbẹ̀, mo sì ń sùn sílé ìyá mi ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí mo bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wo ọjà, ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni bóyá wọ́n ti bá ọkọ̀ àpadàbọ̀ sọ̀rọ̀.

Olùdíje kan ṣoṣo tí a jọ ń wá iṣẹ́ náà kò yọjú lọ́jọ́ náà. Bóyá àwòrán yẹn ni wọ́n fi gbà mí, tàbí nítorí pé èmi nìkan ni mo dé, alága kò sọ fún mi kó tó fẹ̀yìn tì padà sí ìlú rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n títí di òní.