Ọjọ́ tí mo mọ ìtumọ̀ "tueri"

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí Fadá kọ́ àwa akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sabon Gari ní ọ̀rọ̀ Látìn kan, "tueri". Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "wò", ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù àtijọ́ tún ń lò ó fún kí èèyàn máa ṣọ́ ẹnìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ "tutor", orúkọ tí wọ́n ń pe alágbàtọ́ ọmọ.

"Ó jọ Yorùbá," ni mo wí. "Mọ́mì mi ló ń wo Dádì láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá wọn dùbúlẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́, Ṣadé?" ni Fadá bi mí.

Ẹnu Dádì ti wọ́, ẹ̀rù sì máa ń bà mí láti wo ojú wọn.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí Mọ́mì lọ sinmi. Mo jókòó ti Dádì, mo wò wọ́n dáadáa, omi sì ń dà lójú mi. Ni ètè wọn bá mì.

"Ṣadé, o ti... jẹun?"

Mo figbe ta. Mọ́mì sáré wọlé. "Kai! Olúwa, ẹ ṣeun o!"

Oṣù méjì ni Dádì kò fi sọ̀rọ̀. Ní báyìí, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo sì máa ń di apá kejì mú.